Èjìká Tí Kò Jẹ́ Kí Ẹ̀wù Bọ́

Àwọn àgbà wa a máa sọ pé èjìká ni kò jẹ́ kí ẹ̀wù bọ́. Bí a bá fẹ́ yin ẹni tí ó dúró tì wá lọ́jọ́ ìṣòro, a ó ní òun ni èjìká wa. Síbẹ̀, àwa tí a ń fi orúkọ èjìká yin ènìyàn báyìí kì í ronú nípa èjìká fúnra rẹ̀ títí di ọjọ́ tí ó bá kọ iṣẹ́ fún wa. Ní ilé tiwa, ó kọ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan ṣoṣo: lára àbúrò wa ọkùnrin ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà lára ìyá wa. Nínú ti àkọ́kọ́, ọwọ́ wa kò mọ́. Nínú ti èkejì, ojú wa ni kò là. A kọ ọ̀rọ̀ yìí kí ilé mìíràn má baà ṣe bí tiwa ti ṣe.

Ẹni tí ó bá mọ agbègbè Tchaourou mọ̀ pé iṣẹ́ èjìká ni iṣẹ́ ibẹ̀. Nínú kọmúùnù 77 tí ó wà ní Benin, tiwa ni ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ jù lọ, oko ni ó sì pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà. Láti Bétérou dé Kika, láti Tchatchou dé Goro, ẹni tí ó bá jí ní òwúrọ̀, yálà Nàgó ni tàbí Bàrìbá, ọkọ́ ni yóò gbé kọ́ èjìká. A ó kọ ebè iṣu, a ó fa ẹ̀gẹ́ tu, a ó la igi ìdáná, a ó ru omi, a ó gbọn igi kajú, a ó sì gbé àpò sókè sínú ọkọ̀ tí ń lọ sí Parakou tàbí Cotonou. Nínú gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí, kò sí èyí tí èjìká kò sí nínú rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ọkùnrin kan bá ní èjìká ń ro òun, a ó ní, “Ta ni tirẹ̀ kò ro?” Ọ̀rọ̀ a sì parí síbẹ̀.

Kí a tó sọ tiwa, ẹ jẹ́ kí a wo bí Ẹlẹ́dàá ti to èjìká. Egungun mẹ́ta ni ó pàdé níbẹ̀: egungun apá, egungun pẹlẹbẹ tí ó wà lẹ́yìn, àti egungun tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó dábùú láti ìsàlẹ̀ ọrùn wá sí orí èjìká. Oríkèé itan dàbí ọmọ odó tí ó wọ inú odó. Ó jìn, kì í rọrùn láti yẹ̀. Ṣùgbọ́n oríkèé èjìká dàbí ọsàn tí a gbé lé orí àwo kékeré kan. Orí egungun apá tóbi, ojú ibi tí ó jókòó sí kéré, kò sì jìn. Ohun tí ó mú un dúró ni awọ, okùn ara, àti iṣan mẹ́rin tí wọ́n yí i ká bí okùn tí a fi di ẹrù mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù. Ìdí nìyí tí apá fi lè yí síwá sẹ́yìn, tí ó lè ga sókè, tí ó sì lè dé ẹ̀yìn láti so okùn ọ̀já. Ìdí kan náà ni ó sì fi jẹ́ pé, nínú gbogbo oríkèé ńlá ara ènìyàn, èjìká ni ó ń yẹ̀ jù lọ.

Èdè wa mọ ìyàtọ̀ tí àwa kò fiyè sí. Oríkèé lè rọ́, ó lè yẹ̀, egungun lè ṣẹ́, iṣan lè já, gbogbo apá sì lè gan. Ọ̀rọ̀ márùn-ún ni, ìpalára márùn-ún sì ni. Kò sí ọ̀kan tí ìtọ́jú rẹ̀ bá ti èkejì mu pátápátá. Àwa ti ń pe ọ̀rọ̀ wọ̀nyí láti kékeré, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ó yẹ kí a lò wọ́n, ọ̀kan ṣoṣo ni ó wá sí wa lọ́kàn: kí a fà á.

Ìparí òjò ni, nígbà tí iṣu ń ti oko bọ̀. Àbúrò wa, ọmọ ọdún 19, gbé àpò iṣu méjì sẹ́yìn alùpùpù. Nígbà tí ó dé ibi tí iyanrìn ti kún ojú ọ̀nà, táyà iwájú yọ̀. Bí ó ti ń ṣubú, ó na ọwọ́ ọ̀tún kí ó fi gba ilẹ̀, bí gbogbo ènìyàn ti í ṣe. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó fi ọwọ́ òsì gbá apá ọ̀tún mú bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Èjìká rẹ̀ tí ó máa ń ṣe rogodo ti di igun bí igun àpótí. Kò sunkún. Ó kàn sọ pé, “Ẹ má fọwọ́ kàn mí.”

A fọwọ́ kàn án. Àwa mẹ́ta ni. A ti rí i rí ní pápá bọ́ọ̀lù pé wọ́n fa apá ẹnì kan, ó sì padà sí àyè rẹ̀; a rò pé ohun tí ojú rí ni ọwọ́ mọ̀. Ẹnì kan di àyà rẹ̀ mú, àwọn méjì yòókù fa apá náà. Ó ké. A tún fà á. Nígbà tí a fà á lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní ìka òun ń ta, òun kò sì mọ ẹ̀gbẹ́ èjìká òun mọ́. Ìyá àgbà kan tí ó ń ti oko bọ̀ ni ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ tí ó pariwo mọ́ wa: “Ẹ fi í sílẹ̀! Ṣé ẹ̀gẹ́ ni ẹ ń fà tu ni?” Ó bọ́ gèlè orí rẹ̀, ó fi gbé apá náà kọ́ ọrùn ọmọ náà, ó sì ní kí a wá ọkọ̀. Nínú gbogbo wa lọ́jọ́ náà, òun nìkan ni ó ṣe ohun tí ó tọ́.

A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Saint Martin ní Papané. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bi wá ni pé, “Ta ni ó fà á?” Kò sí ẹni tí ó lè dáhùn. Wọ́n tẹ ìka rẹ̀ wò bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dé ibẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ èjìká rẹ̀ wò bóyá ó mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ya àwòrán egungun, èyí tí gbogbo wa ń pè ní radio. Àwòrán náà fi hàn pé orí egungun apá ti yẹ̀ síwájú. Nínú èjìká 100 tí ó bá yẹ̀, nǹkan bí 95 ni ó ń yẹ̀ sí iwájú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n tún fi ohun kejì hàn wá: ègé egungun kékeré kan ti ṣẹ́ kúrò lẹ́bàá rẹ̀. Títí di òní, kò sí ẹni tí ó lè sọ fún wa bóyá ilẹ̀ ni ó ṣẹ́ ẹ tàbí ọwọ́ wa. Ìbéèrè yìí ni a gbé wálé, òun náà ni a ṣì ń gbé kiri.

Wọ́n fún un ní oògùn tí ó mú kí ara rẹ̀ dẹ̀, wọ́n sì dá apá náà padà láìsí ariwo, láìsí ìjàkadì. Nígbà náà ni a mọ̀ pé agbára kọ́ ni iṣẹ́ náà ń fẹ́. Nígbà tí èjìká bá yẹ̀, ìbẹ̀rù àti ìrora a máa mú kí ẹran ara ká kò. Bí a bá ti ń fà, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa le. Ìmọ̀ yìí ti pẹ́ láyé. Ní Íjíbítì, nínú ibojì ọkùnrin kan tí a ń pè ní Ipuy, tí ó ti ju 3000 ọdún lọ, àwòrán kan wà lára ògiri tí àwọn onímọ̀ gbà pé ó fi ẹni tí ń dá èjìká padà hàn. Hippocrates ará Gíríìkì kọ nípa rẹ̀. Ní 1870, Kocher, oníṣẹ́ abẹ ará Switzerland tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1909, ṣàlàyé bí a ti lè yí apá padà díẹ̀díẹ̀ láìfi ipá fà á. Ohun tí a rò pé ọwọ́ líle ni yóò ṣe é, ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ni.

Apá náà padà, ṣùgbọ́n ìtàn kò tán. Iṣan kan tí ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ẹ̀gbẹ́ èjìká ti fara gbọgbẹ́. Ó ju oṣù mẹ́ta lọ kí àbúrò wa tó mọ̀ bí eṣinṣin bá bà lé e níbẹ̀. Wọ́n ní kí ó fi aṣọ gbé apá náà kọ́rùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́yìn náà kí ó máa ṣe eré ìdárayá lọ́dọ̀ kiné, kí ó má sì gbé ohun tí ó wúwo fún oṣù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kẹfà bá àsìkò tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ ebè. Kò sí ẹni tí ó bú u. Ìtìjú kì í dúró de èébú. Ó gbé àpò kan sókè sínú ọkọ̀, apá náà sì tún yẹ̀. Àwọn oníṣègùn ti kìlọ̀ fún un: bí èjìká bá yẹ̀ lára ẹni tí kò tíì pé ogún ọdún, ó wọ́pọ̀ gan-an kí ó tún yẹ̀, nítorí okùn tí ó já níwájú kì í sábà so padà bí ti tẹ́lẹ̀. Lónìí, ó ń wọn kajú fún àwọn oníṣòwò, kò sì kọ ebè mọ́. Wọ́n ti sọ fún un pé iṣẹ́ abẹ lè dí ọ̀nà tí egungun náà ń gbà yọ. Owó rẹ̀ ni a ń kó jọ.

Bí ojú wa ti wà lára àbúrò wa, a kò rí ìyá wa.

Ìyá wa jẹ́ ẹni ọdún 52. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní èjìká òsì ń ro òun lóru, pàápàá bí òun bá fi ẹ̀gbẹ́ náà sùn. A fi òrí gbígbóná pa á fún un. Òrí dára, ó ń tu ara. Kò sí ẹni tí yóò bá wa jiyàn rẹ̀ ní ilẹ̀ tí igi ẹ̀mí pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù díẹ̀, kò lè wé gèlè mọ́. Kò lè na ọwọ́ sẹ́yìn láti pọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Bí ó bá ń wọ bùbá, ó ní láti tẹ ara wọ̀ ọ́ bí ẹni ń wọ inú ihò. A fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé àgbà ti dé sí i. Gbogbo wa mọ òwe tí ó ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ní ọjọ́ kan, a rí i tí ó ní kí ọmọ ọdún méje gun àga láti bá òun mú àwo lórí pẹpẹ. Ọwọ́ àgbà kò tó pẹpẹ mọ́. Nígbà náà ni ẹ̀fẹ̀ tán lẹ́nu wa.

Oníṣègùn tí ó yẹ̀ ẹ́ wò ṣe ohun kan tí ó rọrùn, tí ẹnikẹ́ni lè lóye. Ó ní kí ìyá wa gbé apá náà sókè fúnra rẹ̀. Kò lè ga kọjá àyà. Lẹ́yìn náà, oníṣègùn fúnra rẹ̀ di apá náà mú pẹ̀lẹ́, ó gbìyànjú láti gbé e sókè, kò lọ. Ó ṣàlàyé pé bí ó bá jẹ́ pé iṣan ni ó já, aláìsàn kì í lè gbé apá fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn lè bá a gbé e. Bí ó bá jẹ́ pé kò ṣe é gbé fún aláìsàn, tí kò sì ṣe é gbé fún ẹlòmíràn, àpò awọ tí ó yí oríkèé ká ni ó ti sún kì, tí ó ti gan. Lẹ́yìn náà, ó bi í ní ìbéèrè tí a kò rò pé ó kan èjìká: “Màmá, ṣé òùngbẹ máa ń gbẹ yín ju ti àtẹ̀yìnwá lọ? Ṣé ẹ máa ń dìde tọ̀ lóru?” Ìyá wa dákẹ́ díẹ̀, ó wò wá, ó ní, “Ó ti tó ọdún kan.” Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Àrùn ìtọ̀ ṣúgà ti wà lára rẹ̀, kò sì sí ẹnì kankan nínú wa tí ó mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni èjìká ṣe di ońṣẹ́ fún wa. Èjìká tí ó gan a máa mú àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 40 sí 60, ó sì ń mú obìnrin ju ọkùnrin lọ. Ṣùgbọ́n ó ń mú àwọn tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà ní ìlọ́po ju àwọn tí kò ní in lọ. Duplay, oníṣẹ́ abẹ ní Paris, ti kọ nípa èjìká líle ní 1872. Codman ní Amẹ́ríkà ni ó pè é ní èjìká tí ó di yìnyín ní 1934, èyí tí àwọn tí ń sọ Faransé ń pè ní épaule gelée. Ní ilẹ̀ tí a kì í ti í rí yìnyín, orúkọ náà lè ya ni lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ bá ìrírí mu: ìrora ni yóò kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà líle, lẹ́yìn náà ni yóò máa yọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó lè gba ọdún kan, ó lè gba mẹ́ta. Sùúrù àti eré ìdárayá jẹ́jẹ́ ni ìpìlẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀. Oògùn ìrora àti abẹ́rẹ́ wà fún àwọn tí ó bá yẹ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà gbọ́dọ̀ sọ fún oníṣègùn kí wọ́n tó fún un ní abẹ́rẹ́, nítorí irú kan nínú wọn lè mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ga. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì ṣọ́ra fún aṣọ gbígbóná tí a fi ń jó ara, nítorí ara rẹ̀ lè máà tètè mọ̀ pé ó ń jó.

Ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ìyá wa a bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, a jẹ́ kí apá rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀, a sì máa fì í bí agogo. Lẹ́yìn náà, a kọjú sí ògiri, a sì máa fi ìka gun ògiri náà bí aláàmù. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, a fi èédú fa ìlà sí ibi tí ìka rẹ̀ dé.

Nígbà tí a ń bá wọn lọ sí ilé ìwòsàn, a kọ́ nípa àwọn ìpalára mìíràn tí a ti máa ń fojú fò. Egungun tẹ́ẹ́rẹ́ iwájú èjìká a máa ṣẹ́ lára àwọn tí ó bá ṣubú lórí alùpùpù àti lára àwọn ọmọ tí ó bá ré bọ́ lórí igi máńgòrò. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ń so padà bí a bá gbé apá kọ́rùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí ó tilẹ̀ lè fi kókó sílẹ̀ níbẹ̀. Iṣan èjìká a máa gbó bí okùn garawa kànga ti ń gbó, pàápàá lára àwọn tí ó ti ń gbé ọwọ́ sókè ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde lè ní ìrora èjìká nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kò dé orí egungun apá wọn dáadáa. Kì í ṣe ọ̀lẹ ni wọ́n. Ìrora èjìká mìíràn kò tilẹ̀ ti èjìká wá. Bí èjìká òsì tàbí apá bá ń ro àgbàlagbà lójijì, tí àyà rẹ̀ fún pọ̀, tí òógùn tútù bò ó, ọkàn ni kí a ronú kàn, kí a má sì dúró di ọjọ́ kejì.

A kò kọ èyí láti tàbùkù sí àwọn tí ń to egungun ní ilẹ̀ wa. Àwọn kan wà nínú wọn tí ọwọ́ wọn ní ìmọ̀ tí ó ti ọ̀dọ̀ bàbá ńlá wọn wá, àwọn ni wọ́n sì sún mọ́ ilé jù. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kò lè rí inú ara. Ègé egungun tí ó ṣẹ́ lára àbúrò wa, kò sí ìka tí ó lè fọwọ́ bà á mọ̀. Bí wọ́n bá fi ọparun di apá pinpin, tí ìka wú, tí ó tutù, tí kò sì mọ nǹkan mọ́, apá náà lè kú. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ní tòótọ́ yóò ní kí a kọ́kọ́ lọ ya àwòrán wá. Láti Tchaourou dé Parakou kò ju 60 kìlómítà lọ, títì ni gbogbo rẹ̀. Papané sì wà nítòsí wa.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin ni a ń bá sọ̀rọ̀ jù. Bí ẹnì kan bá ṣubú, tí èjìká rẹ̀ yí padà, ẹ má fà á. Ẹ fi aṣọ gbé apá náà kọ́ ọrùn rẹ̀ bí ẹ ti bá a, ẹ wo ìka rẹ̀ bóyá ó gbóná, bóyá ó mọ nǹkan, kí ẹ sì gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí bí ó bá ti ń pẹ́ ni ó ń ṣòro. Bí wọ́n bá ní kí ó sinmi fún oṣù mẹ́ta, ẹ bá a kọ ebè rẹ̀. Àwọn baba wa ní àáró, wọ́n sì ní ọ̀wẹ̀. Kì í ṣe nítorí ìgbà tí ara le nìkan ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Ká ní àwa ti lọ kọ ebè àbúrò wa lọ́dún náà, kò sí ìtìjú tí ì bá lé e dé ìdí àpò. Bí ìyá yín bá sì dẹ́kun wíwé gèlè, ẹ má fi ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ bi í léèrè.

Ìlà èédú ti di mẹ́rìnlélógún lára ògiri wa. Èyí tí a fà ní ọjọ́ Àìkú tí ó kọjá fi ìwọ̀n ìka mẹ́rin rẹlẹ̀ sí pẹpẹ. Ìyá wa ní kí a má gbé àwo náà sọ̀ kalẹ̀, pé òun ń bọ̀ wá mú un.